Ṣé Ẹni Tí Kò Mọ̀ Dájú Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Kìlọ̀?

Àwọn àgbà máa ń wí pé, "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọ̀rọọrún." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò ronú sí i rárá títí di oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, nígbà tí mo dákẹ́ ní ọjọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ jíròrò nínú àròkọ yìí nìyí: bí ènìyàn bá rí ewu tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n tí kò dá a lójú, ṣé kí ó sọ ni, àbí kí ó dákẹ́? Bí ó bá sì sọ ọ́ tí ewu náà kò dé, ṣé òpùrọ́ ni?

Gbodo ni ìyá àgbà mi ń tà. Ní Òkè-Ògùn tí a ń gbé, orí àpáta ni a ti ń sá a kí ó lè gbẹ dáadáa kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo rí i pé ojú ọ̀run ṣú, mo sì sáré lọ sọ fún wọn pé òjò máa rọ̀. Wọ́n pe gbogbo ọmọ ilé jọ, a kó gbodo wọlé tán, ẹ̀kán òjò kan kò bọ́ sílẹ̀. Oòrùn ràn títí di ìrọ̀lẹ́, gbodo sì wà nínú yàrá. Àwọn ará ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ mí ní "Wòlíì Òjò".

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìyá àgbà ń múra àtilọ sọ́jà. Ojú wọn kò ríran jìnnà mọ́. Èmi ni mo rí i pé apá ìlà oòrùn ti ń dúdú. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí orúkọ tí wọ́n sọ mí, mo sì padà sídìí ìwé mi. Òjò náà dé kí ìyá àgbà tó dé. Gbodo tó ku ọjọ́ kan péré kí ó gbẹ rin gbindin, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta, ó ti ń rùn. Owó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi san owó ìdánwò àṣejáde ẹ̀gbọ́n mi. Ńṣe ni wọ́n lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ìyá àgbà bi mí pé, "Ṣé o kò rí i pé òjò ń ṣú ni?"

Mo ní, "Mo rí i, mà, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú."

Wọ́n ní, "Ta ló ní kó dá ọ lójú? Ìwọ ì bá sọ ohun tí o rí, èmi ni n bá mọ èyí tí n ó ṣe."

N kò rí èsì fọ̀. Ní sáà tó tẹ̀lé e ni olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì kọ́ wa nípa ìjì ńlá tí òyìnbó ń pè ní hurricane, àti bí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣe ń sọ ibi tí yóò gbà àti bí yóò ṣe le tó nígbà tó ṣì wà lórí agbami. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìbéèrè tó ń yọ mí lẹ́nu ti ń yọ àwọn tó jù mí lọ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Gbodo nìkan kọ́ ló wà lórí àpáta tiwọn. Ẹ̀mí ènìyàn ni.

Orí omi òkun tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 26.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ ti ń gbára jọ. Kí a tó lè pè é ní hurricane, atẹ́gùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan. Ipele márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Èyí tó le jù, ipele karùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 252 ní wákàtí kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì tó ń ja Kúbà àti Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín ni wọ́n ti gbéra. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ọgọ́ta ìgbì afẹ́fẹ́ ló ń gba àríwá wa kọjá lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n sì ń bọ́ sórí Òkun Àtìláńtíìkì láti etíkun Sẹ̀nẹ̀gàl àti agbègbè rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kú sójú omi. Díẹ̀ nínú wọn ló ń di ìjì líle. Ta ló lè nàka sí ọ̀kan lára wọn ní ọjọ́ tó gbéra, kí ó ní, "Èyí ni yóò wó ilé"?

Ìbéèrè méjì ni ẹni tó ń ṣọ́ ìjì gbọ́dọ̀ dáhùn. Èkíní ni pé, níbo ni yóò gbà? Èkejì ni pé, báwo ni yóò ṣe le tó? Ìbéèrè èkíní dà bí igbá tí odò ń gbé lọ. Bí o bá mọ bí odò ṣe ń ṣàn, o lè fojú díwọ̀n ibi tí igbá yóò gúnlẹ̀ sí, nítorí àwọn atẹ́gùn ńláńlá tó yí ìjì ká ló ń darí rẹ̀. Ìbéèrè èkejì dà bí ìkòkò lórí iná. Ohun tó wà nínú ìkòkò, bí iná ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lu iná náà, gbogbo rẹ̀ ló kàn án. Omi òkun tó gbóná jinlẹ̀ ni iná ìjì. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti atẹ́gùn tí kò sáré bákan náà lókè àti nísàlẹ̀ ló ń pa iná náà. Nítorí náà, àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀nà tí ìjì yóò gbà ti dára gan-an. Àṣìṣe tó wà nínú àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ti dín kù ju ìlàjì lọ láti ọdún 1990. Ṣùgbọ́n bí yóò ṣe le tó ṣì ń dààmú àwọn ọ̀mọ̀wé.

Kí ló fà á tí wọn kò fi lè mọ̀ dájú? Wọ́n ní sátẹ́láìtì, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ńláńlá, wọ́n sì ní ọkọ̀ òfúrufú tó ń wọ inú ìjì lọ láti wọn agbára rẹ̀. Ní ọdún 1961, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Edward Lorenz, ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ojú ọjọ́. Ó fẹ́ tún ìṣirò kan ṣe, ó sì tẹ 0.506 dípò 0.506127. Ó rò pé ìyàtọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Nígbà tó padà dé, ojú ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ṣírò ti yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun kékeré tí a kò rí lónìí lè di ohun ńlá ní ọ̀la. Lórí agbami òkun, ohun tí a kò rí pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun mọ ibi tí ìjì yóò wà ní ọjọ́ márùn-ún òní láìsí tàbí-ṣùgbọ́n, ẹ máa ṣọ́ra fún un.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a wo ìtàn mẹ́ta.

Ìtàn kìíní jẹ́ ti ọdún 1900. Ní Havana, olú ìlú Kúbà, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń wo ojú ọ̀run, tí à ń pè ní Belén. Ọ̀kan nínú wọn, Benito Viñes, ti kìlọ̀ fún àwọn ará Kúbà nípa ìjì líle láti ọdún 1875, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí ìkùukùu àti atẹ́gùn ṣe ń fi ìrìn ìjì hàn. Ó ti kú kí ọdún 1900 tó dé, ṣùgbọ́n àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Nígbà náà, Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso Kúbà. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà kò ka àwọn ará Kúbà yìí sí. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n ń dẹ́rù ba ènìyàn, wọ́n sì dí wọn lọ́wọ́ láti máa fi wáyà ránṣẹ́ nípa ìjì. Ní oṣù Kẹsàn-án, ìjì kan kọjá lára Kúbà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní yóò yí sí àríwá, gba Florida lọ. Àwọn ará Kúbà ní yóò máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn, sí apá Texas. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ìjì náà gbé òkun wọ ìlú Galveston ní Texas. Ó kéré tán, 6,000 ènìyàn ló kú. Títí di òní, kò tíì sí àjálù ojú ọjọ́ tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tó ṣì í sọ kọ́ ni mo fẹ́ bá wí nínú ìtàn yìí. Ẹnikẹ́ni lè ṣì í sọ. Ohun tó burú ni pé wọ́n pa ẹnu ẹlòmíràn dé, nítorí wọ́n gbà pé ìmọ̀ wọn ti pé. Ìgbéraga ló jẹ́ kí ìkìlọ̀ tó wà nílẹ̀ di ohun tí etí kò gbọ́.

Ìtàn kejì jẹ́ ti ọdún 2005. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ìjì tí wọ́n ń pè ní Katrina pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjì mìíràn, Rita, tún ń bọ̀, ó sì ti di ipele karùn-ún lórí omi. Ẹ̀rù ba àwọn ará Houston. Àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbé ní àwọn àdúgbò tí wọ́n ní kí wọ́n kúrò. Ọkọ̀ dúró gbagidi fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ooru. Bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó gbiná, ènìyàn 23 sì kú nínú rẹ̀. Nígbà tí Rita dé, agbára rẹ̀ ti dín kù, ó sì ti yà sí apá ìlà oòrùn, níbi tí Texas àti Louisiana ti pààlà. Àwọn tó kú lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń sá pọ̀ ju àwọn tí ìjì náà fúnra rẹ̀ pa lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Ṣé o rí i? Ìkìlọ̀ pàápàá ń pa ènìyàn." Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìkìlọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ń gbé ènìyàn dìde, ó ń ná wọn lówó, ó sì lè ná wọn ní ẹ̀mí. Nítorí náà ni kò ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni máa pariwo ewu kí wọ́n lè kà á sí ọlọ́gbọ́n, tàbí kí wọ́n má baà dá a lẹ́bi lọ́la. Ẹni tó bá ń kígbe "Ó ń bọ̀ o!" lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá bọ̀ lóòótọ́, wọn kò ní jí.

Ìtàn kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjì kan tí wọ́n ń pè ní Otis wà lórí Òkun Pàsífíìkì, ó dojú kọ ìlú Acapulco ní Mẹ́síkò. Nígbà tó ku nǹkan bí ọjọ́ méjì, àwọn asọtẹ́lẹ̀ kò retí pé yóò di ìjì ńlá rárá. Àwọn kọ̀ǹpútà wọn kò rí i. Nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú kan wọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ 24, wọ́n rí i pé ó ti le ju bí wọ́n ti rò lọ fíìfíì. Láàárín ọjọ́ kan péré, ó ti di ipele karùn-ún. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 25, ó wọ Acapulco. Àkọsílẹ̀ kò tíì fi hàn pé ìjì ipele karùn-ún kankan ti wọ ilẹ̀ láti orí apá Òkun Pàsífíìkì yẹn rí kí Otis tó dé. Nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn ló kú, àwọn mìíràn sì di àwátì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa Otis, mo bínú sí àwọn asọtẹ́lẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni mo ro ohun tí wọ́n ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn kò fi àsọtẹ́lẹ̀ àná pamọ́, wọn kò sì dákẹ́ nítorí ìtìjú. Wọ́n kọ ọ́ síta pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dà bí àlá burúkú, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà ní gbangba. Ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn kò ṣeé sẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dákẹ́ bí mo ti dákẹ́ nílé wa, ì bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè wa: ṣé òpùrọ́ ni ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ? Èdè wa ti dá èyí sí méjì. Irọ́ yàtọ̀, àṣìṣe yàtọ̀. Inú ọkàn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni irọ́ ń gbé: ó mọ òótọ́, ó sì sọ òdìkejì rẹ̀. Àṣìṣe ń gbé láàárín ohun tí a rò àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kò sí bí òjò tó kọ̀ tí kò rọ̀ ṣe lè sọ ẹni tó sọ̀rọ̀ láti inú ọkàn òtítọ́ di òpùrọ́. Ẹni tó ń sọ pé "ó dájú" nígbà tí kò dá a lójú ni òpùrọ́, kódà bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ! Èdè wa sì fún wa ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó láti fi wọn ìmọ̀ wa. A ní "mo mọ̀" fún ohun tí a fojú ara wa rí. A ní "mo gbà gbọ́" fún èyí tí a gbọ́ tí a sì gbà. A tún ní "ó jọ pé", "ó ṣeé ṣe" àti "bóyá". Ẹni tó bá lo ọ̀kan níbi tó yẹ kí ó lo òmíràn ló ń da ayé rú. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí ẹ̀bi ti ọjọ́ Ajé yẹn. Pé òjò kò rọ̀ kọ́ ni ẹ̀bi mi. Ẹ̀bi mi ni pé mo sọ pé òjò "máa" rọ̀, nígbà tó yẹ kí n sọ pé ó "lè" rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìjì nìyí. Ibùdó tó ń ṣọ́ ìjì líle fún Amẹ́ríkà, ní Miami, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ tuntun jáde ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, bí babaláwo inú òwe ti ń padà sídìí Ifá ní ọ̀rọọrún. Wọ́n ń ya àwòrán ọ̀nà tí ìjì lè gbà. Ó tín-ín-rín níbi tí ìjì wà lónìí, ó sì ń fẹ̀ sí i bí ọjọ́ ṣe ń jìnnà, bí ẹnu kàkàkí. Kí ni wọ́n fi ń wọn bí yóò ṣe fẹ̀ tó? Àṣìṣe tiwọn fúnra wọn láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá ni. Wọ́n ń ka àṣìṣe wọn, wọ́n sì ń yà á sójú ìwé fún gbogbo ayé láti rí. Wọn kò sì fi pamọ́ pé nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ìjì lè gba ìta àwòrán náà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nílé ẹ̀kọ́, n kò tíì rí ibi tí òótọ́ inú ti hàn tó báyìí.

Ṣùgbọ́n olùgbọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2004, nígbà tí ìjì Charley ń bọ̀ ní Florida, ìlà àárín àwòrán náà kọjú sí Tampa. Àwọn kan wo ìlà yẹn nìkan, wọ́n rò pé àwọn ti bọ́. Ìjì náà yà kí ó tó dé Tampa, ó wọ Punta Gorda, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú àwòrán ni Punta Gorda wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kìlọ̀ sọ "bóyá", olùgbọ́ gbọ́ "rárá". Bí a bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ òótọ́ fún wa, àwa náà gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń gbọ́ "bóyá". Bí ilé kan bá ń fi ẹni tó ṣì í sọ ṣe yẹ̀yẹ́, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé láti dákẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi fi kún un pé, ọmọdé náà kì í wà nílé kí òjò pa gbodo, bí wọ́n bá jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Èrò mi ni pé ẹni tí kò mọ̀ dájú lẹ́tọ̀ọ́ láti kìlọ̀, àti pé ojúṣe rẹ̀ tilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ohun tó rí, kí ó sọ bí ó ṣe dá a lójú tó, kí ó sì yára yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tó bá rí ohun mìíràn. Lẹ́yìn èyí, kí ó jẹ́ kí ẹni tó ni gbodo pinnu.

Ní oṣù tó kọjá, ojú ọ̀run tún ṣú nígbà tí gbodo wà lórí àpáta. Mo lọ bá ìyá àgbà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òjò lè rọ̀. Kò dá mi lójú, àmọ́ ó ṣú ju ti àná lọ, atẹ́gùn sì ti yí padà." Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní kí a kó èyí tó ti gbẹ tán wọlé, kí a fi èyí tó ṣì tutù sílẹ̀. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó pè mí ní wòlíì.